Awakọ̀ Tó Mọ Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ń Kú Sí

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ń rọbí, orí ẹrù sìmẹ́ńtì ni awakọ̀ akẹ́rù kan, tó ti dolóògbé báyìí, wà lórí òkè, tó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ gbe omi òjò. Ó ti dábùú ọkọ̀ sójú ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni fóònù ti gbé ohùn ọmọ rẹ̀ wá: "Bàbá, dókítà ní kí wọ́n..." Ni ìpè bá já.

"Kí wọ́n ṣe kí ni?" Bàbá figbe ta. "Kí wọ́n ṣe kí ni o!"

Ọkọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ ń bú u gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, àyà tiwọn náà já, oníkálùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà ọmọ náà, wọ́n ń nà án sókè. Ti ìyá arúgbó kan ló wọlé. Wọ́n gbé e sí sípíkà, igbe ọmọ tuntun ló sì kọ́kọ́ jáde. Gbogbo wọn hó yèè. Ọlọ́pàá tó wá mú Bàbá ki ìwé ìtanràn bọ àpò, ó ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ni màmá yẹn ń lò?"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Baba Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Fóònù mẹ́ta ló ń gbé, síìmù ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn, ó sì fún wọn lórúkọ. Ìyálé ṣeé gbọ́kàn lé nínú ìlú, àmọ́ tó bá ti rí òkè, ó dákú. Ìyàwó ń gun òkè dáadáa, ohùn ẹni ló kàn máa ń dà bí ti ẹni tó jìn sí kànga. Àtọ̀húnrìnwá kì í ṣiṣẹ́ níbì kankan àfi létíkun, ibẹ̀ ló sì ti máa ń mọ́ débi pé èèyàn á gbọ́ bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ṣe ń gbé itọ́ mì.

"Nínú gbogbo wọn," ni ìyàwó rẹ̀ bi í, "èwo wá ni tèmi?"

Ó ronú díẹ̀. "Ìwọ ni ṣájà. Láìsí ìwọ, gbogbo wa ti kú."

Ó pe ilé iṣẹ́ tó ni Ìyálé lọ́jọ́ kan láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

"Ọmọ mi, ẹ ní gbogbo ilẹ̀ yìí lẹ dé. Ẹ ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, lẹ́yìn afárá."

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tó wà níwájú mi fi hàn pé a wà níbẹ̀ digbí."

"Ibẹ̀ ni mo dúró sí báyìí! Mi ò rí yín!"

"Ṣùgbọ́n sà, ẹ ṣáà ń gbọ́ mi..."

"Síìmù ilé iṣẹ́ kejì ni mo fi pè yín!"

Ọmọbìnrin tó gbé ìpè náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, òun lèmi náà ń lò nílé."

Nínú ilé, balùwẹ̀ nìkan ni Ìyàwó ti ń mú dáadáa, ibẹ̀ ni Bàbá ti ń bá àna rẹ̀, bàbá ọkọ aránṣọ, sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Àna náà ń gbọ́ omi tó ń kán ṣáá. Kò bi í léèrè. Ó kàn fi oògùn inú rírun ránṣẹ́.

Aránṣọ náà máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ bá ti gbéra, ẹ̀rín parí. Láti ẹnu rẹ̀ ló ti mọ ọ̀nà náà sórí: ibi tí Ìyálé ti ń kú, ibi tí Ìyàwó ti ń jí. Ní àárín méjèèjì, níbi tí ìpè kankan kì í wọlé, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á máa wo fóònù. Tó bá dún, Bàbá kì í kí i. "Ṣé ò ń gbọ́ mi?" ni ìkíni tirẹ̀.

Aránṣọ bi bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

"Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, wọ́n pè mí, wọ́n pè mí. Mo wà lọ́nà, mò ń jẹun, mò ń ṣàwàdà. Fóònù mi dákẹ́ bí òkúta. Ìgbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti sin ín." Ó fi etí aṣọ nu fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Kò ní ṣe mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Etíkun ló ti lọ já ẹrù nígbà tí àrùn ọkàn gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí aránṣọ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lásìkò tó máa ń pè, ó pe Ìyálé, kò wọlé. Ó pe Ìyàwó, kò wọlé. Ó ṣi nọ́ńbà ẹ̀kẹta tẹ̀ kó tó rí i pè. Nọ́ọ̀sì ló gbé e.

"Ẹ̀yin lọmọ wọn? Wọ́n ní kí n gbé fóònù yìí sójú fèrèsé, pé ẹ máa pè. Gbogbo wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má pẹ́."

Kò pẹ́. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti rọ̀, ó ń ṣàlàyé fún aláìsàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ìdí tó fi yẹ kó pààrọ̀ síìmù. Aránṣọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ohùn rẹ mọ́ lónìí," Bàbá wí, ó ti pajú dé.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà."

"Mo mọ̀. Ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ."

Ó ń sọ̀rọ̀: eyín ọmọ rẹ̀ tó ká, ìyá rẹ̀ tó ti wà lọ́nà, oníbàárà kan tó ń sanra sí i lójoojúmọ́ àmọ́ tó taku pé aṣọ ló ń súnkì. Bàbá rẹ́rìn-ín síbi ti oníbàárà náà. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Aránṣọ náà mọ̀. Síbẹ̀, ó sọ ìtàn náà dé òpin, nítorí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ máa já láàárín.