Ilé Méjì, Ààrò Kan

Láti ọjọ́ tí Alálùbọ́sà ti dé ilé ọkọ ló ti ń dáná nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti dàgbà, irun òun náà ti funfun, síbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣì ń pinnu ìwọ̀n iyọ̀ tí yóò wọ ọbẹ̀. Ohun tó ń gbìn ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Ìyàwó, bí ẹni pé àná ni wọ́n mú un wọlé.

Ohun kan ló wù ú láyé: kó ní ilé ìdáná tirẹ̀ kó tó kú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bó bá ta àlùbọ́sà, a ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Bí òjò bá ba oko jẹ́, búlọ́ọ̀kù a dúró kí koríko máa hù sí i lára. Nígbà tó wá tó, àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà bá a mọ ilé kékeré kan sí ìpẹ̀kun oko, níbi tí omi kì í dúró sí. Èrò rẹ̀ ni pé kí òun àti ìyá ọkọ òun kó lọ síbẹ̀, kí ilé àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò di àká àlùbọ́sà.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Yàrá tí wọn yóò sùn làwọn ẹlòmíràn máa ń kọ́kọ́ parí. Alálùbọ́sà ní ilé ìdáná ni kí ọmọ òun kọ́kọ́ parí. Yàrá kò tíì ní ilẹ̀kùn, sítóòfù gáàsì ti dúró, omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dé láti ọ́fíìsì ilẹ̀, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó wọ ilé tuntun, ó wọ ti àtijọ́, ó jáde, ó mí kanlẹ̀.

"Mà, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ oko ni èyí. Ilé kan ṣoṣo ni òfin gbà lórí oko kan."

"Mo mọ̀. Àká ni mo fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe."

"Àká kì í ní ààrò, Mà. Ibi tí ààrò bá wà lòfin ń pè ní ilé. Ẹ sùn síbi tó bá wù yín, ẹnikẹ́ni ò ní yọ yín lẹ́nu. Àmọ́ ààrò méjì, ilé méjì nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ní kí ẹ wó tuntun yìí."

Bíríkìlà gbaná jẹ. "Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wa ni?"

"Ẹ wo òdìkejì ọ̀nà, bọ̀dá." Obìnrin náà nawọ́ síbi tí àgbàdo ti ń hù tẹ́lẹ̀. Òrùlé ló kún ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. "Gbogbo àwọn yẹn náà, ilẹ̀ bàbá wọn ni."

Alálùbọ́sà kò jiyàn. Ó ti mọ àwọn òrùlé yẹn. Àgbàrá tí wọ́n ń dà sóko rẹ̀ lọ́dọọdún ti sú u. Òfin náà kò burú. Òun ni kò lágbára rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá àgbà, nídìí ààrò.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kó lọ. Yàrá yín ti wà níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn tí ẹ máa gùn."

"Mi ò kó lọ síbì kankan."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Ta ni yóò máa se ọbẹ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ? Iyọ̀ tí ò ń bù sọ́bẹ̀, ẹja inú òkun gan-an á bẹ̀bẹ̀ omi mu."

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wò ó, ọmọ náà gbé ẹ̀rín mì.

Alálùbọ́sà lè pàṣẹ kí wọ́n wó ààrò àtijọ́ yẹn. Òun ló ń bọ́ gbogbo wọn, ta ni yóò bi í? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó kàn ní kí ìyá àgbà kọ́kọ́ wá wo ilé náà ná, bóyá ọkàn rẹ̀ yóò fà sí i.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n jọ wọlé, oòrùn kún inú ilé ìdáná náà dẹ́nu. Ìyá àgbà dúró níwájú sítóòfù, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe máa ń nà án mú iyọ̀. Ògiri ló bá. Ó nà án sí i. Ògiri ni. Bó ṣe ń fà á padà, ó gbá ife kan tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ife jábọ́, ó fọ́.

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí, ibi tí kò sí nǹkan kan ló kọjú sí. "Ó mọ́ tónítóní."

Ìgbà yẹn ni Alálùbọ́sà tó mọ̀. Kò rántí ìgbà tí ìyá àgbà wo ohunkóhun gbẹ̀yìn kó tó mú un. Nílé àtijọ́, ọwọ́ ló fi ń ríran. Bí wọ́n bá yọ ààrò yẹn, ojú tó kù fún un ni wọ́n yọ. Kò sì ní sọ ọ́ láé. Obìnrin tó bá jẹ́wọ́ pé òun ò ríran mọ́, wọn yóò gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbá àfọ́kù ife jọ. 

"Tú u," ló wí fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

"Ti àtijọ́?"

"Tèmi."

"Màámi! Gbogbo ìyà tí ẹ jẹ lórí búlọ́ọ̀kù yẹn? Agídí lásán ni Màmá àgbà ń ṣe o!"

"Mo ní kí o tú u. Ó rẹ̀ mí, má jẹ́ kí n tún un sọ."

Bíríkìlà yọ sítóòfù, ó dí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó sì gun òrùlé àtijọ́ lọ dí ibi tó ń jò, ó ń kùn bí oyin. Alálùbọ́sà fúnra rẹ̀ ló kó àlùbọ́sà wọlé, ó tẹ́ ẹ síbi tí ìkòkò ìbá wà. Nígbà tí obìnrin ọ́fíìsì padà wá, ó yọjú, ó mi orí.

"Àká ni, Mà. Kò sí wàhálà mọ́."

"Àká tó ní fèrèsé méjì," ni Alálùbọ́sà dáhùn. "Àlùbọ́sà yóò máa ríta."

Láti ìgbà náà, ilé tuntun ló ti ń sùn, ilé àtijọ́ ló ti ń jẹun. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ó la ẹrẹ̀ oko kọjá, ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ìyàwó, o pẹ́."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó rẹ̀ mí."

"Mo gbọ́ ọ nínú ìrìn ẹsẹ̀ rẹ." Ìyá àgbà na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú iyọ̀ láìwò. Ó dúró díẹ̀. Ó wá nà án sí Alálùbọ́sà. "Gbà. Bù ú sọ́bẹ̀."

Alálùbọ́sà bù ú. Wọ́n jẹun. Iyọ̀ náà pọ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ìyá àgbà mu omi, ó tún mu omi, kò dárúkọ iyọ̀.