Bí Mo Ṣe Fi Obì Ṣíṣà Dúró De Iṣẹ́ Abẹ Ọrùn Mi

Ìforíkanlẹ̀ ni mo wà nígbà tí èémí mi sé. Ìrun àsárì ni, nínú yàrá mi ní Ọ̀wọ̀. Mo ti fi iwájú orí kan ẹní, mo fẹ́ fa èémí kí n lè parí ohun tí mo ń kà, kò sí ohun tó wọlé. Ó dà bíi pé ẹnì kan di ọ̀nà ọ̀fun mi mú. Mo gbé orí sókè kíákíá, èémí náà sì padà pẹ̀lú ariwo kan tí n kò gbọ́ láti inú ara mi rí. N kò parí ìrun náà, èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ wí pé wọ́n ń kánjú kírun.

Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn mi láti ọdún mọ́kànlá. Kò dùn mí, nítorí náà mo gbà pé kò bá mi jà. Mo ń fi ìbòrí bò ó mọ́lẹ̀, mo ń ta obì mi lọ. Tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ìrun ọjọ́ yẹn kọ́ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àyà mi ti ń já láìsí ohun tó lé mi, tí òógùn ń bò mí nínú ọyẹ́, tí mo ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tí mo ń rù. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo ń gbé lé ara wọn kí n tó lè sùn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo kàn di gbogbo rẹ̀ ru ọjọ́ orí.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fura. Télọ̀ ni Bàbá Rìsì kí ojú rẹ̀ tó fọ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ohùn mi ló fi ń rí mi. Kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ti mọ̀ bóyá ọjà tà tàbí kò tà.

“Ìyá Rìsì, ghá,” ó pè mí pé kí n wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, “ghá jókòó. Ohùn rẹ ti ń há. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò.”

Mo ní eruku ni.

“Eruku kọ́,” ni ó wí. “Mo gbọ́ ọ.”

Rìsìkátù ọmọ wa, tó ń ṣe tíṣà ní Ùsò, ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin láti àárọ̀, gbogbo wa ń wo ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ìgbàkigbà tí nọ́ọ̀sì bá yọjú, ẹni bí ogún á dìde, ẹnì kan á wọlé, àwọn tó kù á tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n pè wá lọ́sẹ̀ yẹn, fún ẹ̀jẹ̀, fún ẹ̀rọ ayàwòrán, àti láti gbọ́ èsì.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ yà á sórí ìwé fún wa. Ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀nà èémí gbogbo ènìyàn, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Omi kan ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Omi náà ló ń sọ fún ọkàn bí yóò ṣe sáré tó, tó sì ń sọ fún ara bí yóò ṣe lo oúnjẹ. Tí ẹran náà bá wú, òun là ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Tèmi ti wú, ó sì ń tú omi rẹ̀ ní àtújù. Èyí tó burú jù ni pé ohun tí mo ń fi ìbòrí bò kéré sí èyí tí n kò rí. Gẹ̀gẹ̀ náà ti sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn eegun àyà mi, ó sì ti fún ọ̀nà èémí mi títí ó fi di tẹ́ẹ́rẹ́.

Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò, ṣùgbọ́n wọn ò lè gé e lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá fi abẹ kan ẹni tí omi yìí pọ̀ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè sáré kọjá agbára lórí tábìlì. Mo ní láti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ara kọ́kọ́ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ èyí tó bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Iṣan tín-ín-rín méjì gba ẹ̀gbẹ́ táírọ́ìdì kọjá, àwọn ló ń darí ohùn. Ó jọ pé gẹ̀gẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọn yóò ṣọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn mi lè lọ, ó sì lè má padà.

Rìsì ń sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni èmi ń rò: tí ohùn mi bá lọ, kí ni yóò kù lára mi fún Bàbá Rìsì?

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fún ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ óò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn. Wọ́n ní kí ara sinmi, ara sinmi, ọkàn ń rìn kiri. Àwọn tó wá kí mi tún dá kún un. Obìnrin kan jókòó tì mí fún odidi wákàtí kan, ó ń ròyìn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí gẹ̀gẹ̀ tí kò sì jáde láàyè, ó wá gbàdúrà fún mi kí ó tó lọ. Mo tan rédíò, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mú tẹ̀súbà, ìka mi ń kà á, ọkàn mi wà lórí tábìlì níbi tí abẹ wà.

Obì ló gbà mí. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ rárá, nítorí ó ń mú àyà sáré, ṣùgbọ́n kò ní kí n má fọwọ́ kàn án. Gbànja ni mo ń tà, àwọn oníbàárà mi ń kó o lọ sí òkè Ọya. Mo ní kí wọ́n kó o wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo jókòó sórí àpótí, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin wà níwájú mi: funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti lu lọ́tọ̀. Ihò kòkòrò obì kéré púpọ̀, ẹni tó bá ń ro ikú kò lè rí i. Ìdí tó fi ràn mí lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀wà ṣíṣà, ọwọ́ nìkan ló gbà, ó fi orí sílẹ̀ kó máa bà mí nínú jẹ́. Obì gba ojú mi àti orí mi pọ̀. Tí ojú kò bá sì dáni lójú, a máa ń gé e jẹ díẹ̀, a tọ́ ọ wò, a tu ú dànù. Títí di ìgbà yẹn, n kò tíì jẹ́ kó dé ẹnu mi.

Rìsì ní kí n jẹ́ kí òun gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù fún bàbá rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé mo ń ṣe ìdágbére. Ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí Rìsì di obì díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù wá. Àwọn nọ́ọ̀sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbẹ̀ kan láti Ìmoru, tó ń retí iṣẹ́ abẹ inú ní bẹ́ẹ̀dì kejì, bá mi ṣà á títí ilẹ̀ fi ṣú. “Ìyá olóbì,” ni ó wí, “kí wọ́n tó là mí nínú, n ó ti mọ iṣẹ́ yín.”

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ, kí n má mu títí wọn yóò fi wá gbé mi. Mo mọ ààwẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó ní láti kọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù mú mi, ọwọ́ mi sì wọ inú láílọ́ọ̀nù. Mo rí ọ̀kan tí mo fura sí. Mo gé e jẹ, mo tọ́ ọ wò, mo tu ú sínú ìwé. Bí àwa olóbì ṣe ń ṣe nínú oṣù ààwẹ̀ nìyẹn. Lójú tiwa, tí kò bá ti gba ọ̀fun lọ, ààwẹ̀ kò bàjẹ́. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan.

Dókítà obìnrin tó fẹ́ fún mi lóògùn oorun ní kí n la ẹnu.

“Màmá, ẹ jẹ nǹkan.”

“N kò jẹ nǹkan kan o.”

“Kí ló wá pọ́n lórí ahọ́n yín yìí?”

Mo jẹ́wọ́. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé n kò lè fi ẹnu mi búra fún ohun tó ti gba ọ̀fun lọ, àti pé ohun tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ti sùn, kó sì pa á. Ó fi hàn mí lójú ẹ̀rọ bí ọkàn mi ṣe ń sáré. Ó ní àwọn kò ní ṣe é lónìí mọ́. Kò bínú, ó sì wù mí kó bínú. Ìyá Ìmoru ni wọ́n gbé lọ dípò mi. Ó juwọ́ sí mi bí wọ́n ṣe ń tì í kọjá. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n rí fún mi di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí Bàbá Rìsì gbọ́, ó yí ojú sọ́dọ̀ mi. “Obì, Ìyá Rìsì?” ni ó wí. “Obì?”

Mo ní kí wọ́n kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló burú jù. Èémí mi ti ń súfèé, ìjókòó ni mo ń sùn, omi lásán ń há mi lọ́fun. Ojú ń tì mí pé ọwọ́ ara mi ló fà á. N kò ní tàn yín jẹ: àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí iṣẹ́ tó lè gba ọkàn lọ́wọ́ ẹ̀rù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi máa ń di ọrùn ọwọ́ mi mú, a ó jókòó bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ kí n má baà fi èémí ṣòfò.

Wákàtí márùn-ún ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Nígbà tí mo jí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn mi tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ọ̀fun mi ń ta bí ẹni pé wọ́n fi ata rẹ́ ẹ. Èémí wọlé fàlàlà. Mo fẹ́ pe Rìsì, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, ìka ọwọ́ mi àti ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí wìnnìwìnnì. Wọ́n ní kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ló lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Wọ́n fún mi lóògùn, ó lọ. Ní ti ohùn, dókítà ní iṣan náà kò já, ṣùgbọ́n ó fara gbá nígbà tí àwọn ń bó gẹ̀gẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Kò ṣèlérí.

Ojoojúmọ́ ni Bàbá Rìsì ń pè, ojoojúmọ́ ni Rìsì ń sọ fún un pé mo ń sinmi. Kò fẹ́ sọ fún un lórí fóònù pé ohùn mi ti lọ. Àṣìṣe wa nìyẹn. Nínú ìdílé tiwa, ìròyìn ikú kì í tètè dé etí àgbàlagbà. Wọn á ní ẹni náà ń sinmi, wọn á ní ara rẹ̀ ti ń yá, títí wọn yóò fi rí ẹni tó lè túfọ̀ fún un. Bàbá Rìsì fúnra rẹ̀ ti bá wọn pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Lọ́jọ́ kẹrin, kò jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé, “Rìsìkátù, níbo lẹ sin ìyá rẹ sí?”

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá mi sílẹ̀. Ó wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí a wọlé. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, “Bàbá Rìsì,” ó sì jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ̀ gbálẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Màámi ni,” ni Rìsì wí.

“Ẹ má tàn mí mọ́. Ẹ sọ fún obìnrin náà kó máa lọ.”

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sí ọrùn mi. Ọrùn tó mọ̀ ní gẹ̀gẹ̀. Èyí tẹ́jú, báńdéèjì sì wà lórí rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Ó rẹ̀ mí, mo kẹ̀yìn sí i, mo jókòó sílẹ̀, mo fara ti orúnkún rẹ̀, mo ń sunkún láìsí ohùn.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó wá sí èjìká mi. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n láti ọ̀tún sí òsì, díẹ̀díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n padà. Èjìká òsì mi wálẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ àyàfi òun, nítorí ọdún gbọọrọ ló fi ń gé aṣọ mi kí ó lè bo àléébù náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

“Ó ti rù,” ni ó wí. “Ó ti rù gan-an.” Ó wá gbé orí lé mi lẹ́yìn, ó bú sẹ́kún. “O ghá ulé,” ni ó ń tún wí. “O ghá ulé.”

Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kì í ṣe bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó nípọn, ó sì máa ń há tó bá di ọ̀sán. N kò lè pe oníbàárà láti òdìkejì títì mọ́. Oògùn kan wà tí n ó máa lò láràárọ̀ títí ayé, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ẹran tí wọ́n gé. Mo gbọ́ pé ìyá Ìmoru délé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ láyé. Mo máa ń ṣàdúrà fún un. Ẹ wá iṣẹ́ tó gba ojú yín nígbà tí ẹ bá ń dúró, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín máa ń ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ yín fún dókítà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún ara yìí, tó rí ọ̀nà mìíràn láti sọ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ẹnu kò lè sọ ọ́.

Láràárọ̀, Bàbá Rìsì máa ń ní kí n sọ nǹkan. Mo bi í pé kí ni kí n sọ, ó ní ohunkóhun. Mo ń sọ̀rọ̀, ó tẹ orí ba, ó ń gbọ́, bí ẹni tó ń kọ́ láti mọ àlejò. Èmi náà mọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn tó fi ń rí mi ti kú lóòótọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè túfọ̀ rẹ̀ fún un, àfi èmi, pẹ̀lú ohùn tó ṣẹ́ kù.