Irọ́ Tí Mo Pa fún Ẹni Tó Ń Ta Ajá ní Kétu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ajá kékeré kan. Ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀ báyìí, àmọ́ ojú ṣì ń tì mí díẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́!

Ọmọ mi obìnrin, Bùkọ́lá, ló ní òun fẹ́ ajá. Ó ń dá gbé yàrá àti pálọ̀ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòsì, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Island. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Ó ní bí òun bá ṣílẹ̀kùn, kò sí ohun tó ń dún nínú ilé àfi fíríìjì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ajá kékeré ni kó jẹ́ o, èmi náà yóò sì bá a lọ yàn án.

Alhaja tó ni ilé, tó ń gbé ìsàlẹ̀, tó sì ti ta àlùbọ́sà ní Mile 12 rí, gbà fún un. Àdéhùn méjì ló ṣe: ajá kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí òun ti ń kírun, òun kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, Bùkọ́lá àti ajá rẹ̀ yóò jọ wá ilé mìíràn ni. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ajá nìkan? Ta ló fẹ́ máa wá ilé kiri Èkó lásìkò yìí?

Ẹnìkan júwe ọkùnrin kan fún wa ní Kétu, tó ń ta ajá nínú àgbàlá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ọ̀gá Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè é. Àgbàlá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ẹni tó ń ta ajá tí àgbàlá rẹ̀ kò rùn, kí ló ń fi pamọ́?

Ọmọ ajá mẹ́rin ló wà nínú kéèjì, wọ́n funfun, wọ́n nírun, wọ́n ń fò sókè fò sódò. Bùkọ́lá ti kúnlẹ̀ tì wọ́n kí n tó ṣẹ́jú. Ajá pupa kan, òun náà kékeré, dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó gbé orí sókè, ó wò wá, ó tún gbé e lélẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ìyẹn ń ṣàìsàn.

Mo rò pé ọkùnrin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa ìwé nóòtù kan yọ, ó mú bírò, ó ní ká jókòó. Ó béèrè àdúgbò tí Bùkọ́lá ń gbé. Ó béèrè ago mélòó ló ń jáde láàárọ̀ àti ago mélòó ló ń dé. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni máa ń wà nílé lọ́sàn-án, bóyá géètì wà, bóyá ó máa ń rìnrìn àjò. Ó sì ń múra láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀!

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ bá mi dá a. Ọkùnrin tí a kò mọ̀ rí, tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń dá gbé pé ìgbà wo ni ilé rẹ̀ máa ń ṣófo, ṣé ajá ló fẹ́ tà àbí fíríìjì ló fẹ́ wá gbé? Onímárúwá gan-an, iwájú ilé kejì sí tèmi ni mo máa ń ní kó já mi sí.

Bùkọ́lá ti lanu láti dáhùn. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀, mo gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní ilé wa kì í dá páropáro. Mo ní bàbá rẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́. (Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, tíṣà bíi tèmi sì ni. Kí Ọlọ́run forí jì mí.) Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ wọn mẹ́ta ń sáré kiri, àgbàlá sì tóbi bíi pápá. Irọ́ náà ń dùn mọ́ mi lẹ́nu bó ṣe ń jáde.

Ọ̀gá Kẹ́hìndé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ajá pupa abẹ́ tábìlì, ó ní ìyẹn ni òun ti ní lọ́kàn fún wa, torí pé ó mọ́ ọn lára kí olówó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ bí ilé bá kún tó báyìí, ó ní ọmọ ajá ló yẹ wá. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ẹ ò rí nǹkan! Aláìsàn ló fẹ́ dì mọ́ wa lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Ó yan akọ kan tó lágbára jù nínú mẹ́rin fún wa, Bùkọ́lá sì sọ ọ́ ní Súgà.

Òpin ọ̀sẹ̀ dùn, torí Bùkọ́lá wà nílé. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Alhaja pè mí. Ó ní bí Bùkọ́lá bá ti ti géètì ni ajá ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ títí tó fi máa dé.

Ó ní, “Tíṣà, mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kí oṣù yìí tó parí, kí ajá yẹn kúrò, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ kúrò.”

Ṣé mo gbà á gbọ́? Rárá o! Mo fura sí Alhaja pé ó ti rí ẹlòmíràn tó fẹ́ yàrá náà ni. Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ láti ilé mi ní Ṣángísà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn láti fetí ara mi gbọ́.

Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe gbígbó. Ẹkún ni. Mo mọ ẹkún yẹn dáadáa, torí mo ti kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹkún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti yí ẹ̀yìn padà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé ìwé ni. Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ tí Bùkọ́lá fún mi ṣílẹ̀kùn, oúnjẹ rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe bù ú, ó ti fi èékánná họ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ń gbọ̀n, ó sì tọ̀ sí mi ní bàtà.

Ta ló tún kù tí n kò tíì fura sí? Mo gbé Súgà sínú báàgì, ó di Kétu. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti Ìkòsì. Mo sọ fún Ọ̀gá Kẹ́hìndé pé ajá tó ní àrùn ló tà fún wa, pé ọmọ mi fẹ́ pàdánù ilé nítorí rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gba Súgà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá béèrè pẹ̀lẹ́ pé níbo ni Dádì sójà wà nígbà tí ajá ń ké.

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì ń ka gbogbo ohun tí mo sọ sí mi létí: sójà, àwọn ẹ̀gbọ́n, ọmọ mẹ́ta, àgbàlá ńlá.

“Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo yan ajá fún. Ilé tí ẹ sọ fún mi ni mo yan ajá fún.”

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ìdí tí mo fi parọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, obìnrin kan sọ fún òun pé ọlọ́pàá mẹ́rin ló ń gbé nílé òun. Ó ní òun náà kì í sọ ibi tí òun ń gbé fún oníbàárà! Àmọ́ òun kò lè má béèrè, torí ajá tí kò bá bá ilé mu, ojú títì ni wọ́n máa ń gbé e jù sí.

Mo ní kó fún mi ní bírò. Mo fa ìlà kan ṣoṣo la àárín irọ́ mi já, mo sì kọ òtítọ́ sókè rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti tún iṣẹ́ wọn ṣe: ó ń dá gbé, ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ó fa ajá pupa jáde lábẹ́ tábìlì. Ara rẹ̀ le koko. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, olówó rẹ̀ ti japa lọ sí Kánádà. Oorun ló máa ń sùn lọ́sàn-án, ohun tí mo pè ní àìsàn nìyẹn. Ọ̀gá Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ wá wo ilé náà kí òun tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo wá sọ nọ́ńbà ilé, èyí tó jẹ́ òótọ́.

Bùkọ́lá sunkún nítorí Súgà, n kò ní purọ́ fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n Súgà wà ní Ìṣẹ́rí báyìí, nílé kan tí ọmọdé kún inú rẹ̀ ní tòótọ́. Ní ti ajá pupa, tó di ti Bùkọ́lá lẹ́yìn tí Ọ̀gá Kẹ́hìndé wá wo ilé náà, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Alhaja tó dá mi dúró lẹ́nu géètì, tó béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé kì í ṣe pé ajá yẹn ti kú, torí òun kò gbúròó rẹ̀ rí.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó ti yọ mí nínú ewu rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dìde kí o máa lọ. Má ṣe jókòó tì í kí o máa parọ́ fún un, kí o tún wá máa retí kó ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Irọ́ wo lẹ ti pa rí nítorí pé ẹ̀rù ń bà yín, tó wá padà sí yín lára? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ kọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín síbẹ̀ o.