Ìrì Tó Sẹ̀ ní Alẹ́ Orest àti Lyle

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò ń sọ ohun tí àwọn olórí ìjọba wa àtijọ́ ṣe, ta ló la ọ̀nà, ta ló bu owó orí lé wa. Wọ́n dé orí ẹni tó gbé òfin ìgbéyàwó wọ ilé ìgbìmọ̀, òfin tó ní kí ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin lè fẹ́ obìnrin, jákèjádò Kánádà. Ọ̀mọ̀wé kan ní ohun kékeré ni, pé àwọn ilé ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pa rédíò. Ohun kékeré! Ẹni tí kò mọ Orest Hrynkiw ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Oko Orest bá tiwa pààlà níbí ní Manitoba. Ọkùnrin gìrìwò ni, bó bá ń bá ọ ṣàwàdà, wàá rò pé ìjà ló ń jà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun àti Lyle Pruden fi jọ gbé inú ilé kan. Lyle ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní dùùrù. Ará ìgboro Winnipeg ni, kò mọ iwájú ẹ̀rọ ìkórè yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. A mọ̀, wọ́n mọ̀ pé a mọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́. "Ayálégbé Orest" la ń pè é. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ń ká aṣọ lórí okùn, ohùn dùùrù rẹ̀ á máa gba ojú fèrèsé jáde bọ̀ wá bá mi. Àárò ìrọ̀lẹ́ yẹn ń sọ mí gan-an.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ Manitoba kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó yẹn, Lyle ní kí àwọn lọ ṣe é. Orest kọ̀.

"Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ti ń gbà wọlé láti kékeré," ló wí. "Mo fẹ́ kí ẹni tó jókòó sórí àga olórí dìde, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé."

Oṣù Keje ọdún 2005, òfin jáde. Orest gé àwòrán olórí ìjọba nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Ẹ̀rín pa mí.

"Orest, ṣebí ọkùnrin yìí náà lo ń ṣépè fún nígbà Àjíǹde nítorí owó àlìkámà?"

"Mo ṣì ń ṣépè fún un, Verna. Lórí àlìkámà, kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lórí tèyí, ọkùnrin ni. Má fọwọ́ kàn án o!"

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó á kọ́kọ́ ṣe àpèjẹ tíkẹ́ẹ̀tì, kó fi owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣe ìnáwó ìgbéyàwó. Èmi ni mo ta tiwọn. Gbogbo ìlú ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, títí kan ẹni tí kò ní yọjú, nítorí náà rírà kò sọ nǹkan kan. Wíwá ló ń sọ̀rọ̀. Lyle mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú," ló wí fún Orest níṣojú mi. "Tí wọn ò bá wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Winnipeg ni mò ń lọ. Mi ò lè máa gbé láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn ò lè bá mi jẹ búrẹ́dì."

"Oko mi ńkọ́?"

"Ìwọ lo mọ̀."

Orest yíjú sí ojú fèrèsé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣán oko yẹn.

Lyle ló mú ọjọ́ àpèjẹ, ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ tó ti kú, Sátidé kan láàárín oṣù Kẹsàn-án. Ẹ gbọ́ mi o, àgbẹ̀ wo ló ń ṣe àpèjẹ nígbà ìkórè? Orest mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé rárá fún Lyle. Ó ní bóyá òjò á rọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè kórè. Òjò sì rọ̀ lóòótọ́, ó rọ̀ títí ó fi ku ọ̀la. Lọ́jọ́ àpèjẹ gan-an, oòrùn ràn yòò, ilẹ̀ gbẹ.

Mo gé búrẹ́dì, sọ́séèjì àti wàràkàṣì, mo tò wọ́n sórí tábìlì gbọ̀ngàn ìlú. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Àwa mẹ́ta nìkan la wà níbẹ̀ láàárín àwọn àga. Mọ́tò Lyle wà lẹ́nu ọ̀nà, àpótí aṣọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Verna, ẹ máa kó búrẹ́dì yẹn," Lyle wí.

"Àlìkámà ló dá wọn dúró, kì í ṣe ìwọ," Orest dáhùn. "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni."

"Ọgbọ̀n ọdún lo ti ń bá wọn wá àwáwí!"

Orest jáde, mo tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀rọ ìkórè ń bú ramúramù káàkiri oko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan koríko.

"Dúró de ìrì," ló wí fún mi. Bí ìrì bá ti sẹ̀ sórí àlìkámà, ẹ̀rọ kò lè kórè rẹ̀ mọ́, àwọn àgbẹ̀ á sì ṣíwọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan dákẹ́ lápá ìlà oòrùn. Òmíràn dákẹ́. Ìgbà tó yá, iná ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà.

Walter Friesen ló kọ́kọ́ wọlé, alàgbà ìjọ, ẹni tó sọ fún mi nígbà tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé òun kò fara mọ́ ọn. Ìyàngbò kún irun ojú rẹ̀.

"Ìrì ti sẹ̀," ló wí. "Oúnjẹ ṣì kù?"

"Ṣé ẹ ti wá fara mọ́ ọn ni, Bàbá Friesen?" Mi ò lè pa ẹnu mi mọ́.

"Ebi ń pa mí, Verna. Mi ò tíì ro ìyẹn."

Wọ́n ń wọlé tẹ̀ lé e, tàwọn ti bàtà oko. Ẹnì kan pariwo níta pé, "Mọ́tò ta ló dí ẹnu ọ̀nà yìí? Ẹ gbé e kúrò, ká ráyè wọlé!"

Lyle jáde lọ gbé e. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Àpótí aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lò ń rìnrìn àjò lọ?" Bàbá Friesen bi í, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀.

"Kò síbì kankan, sà," Lyle wí, ó sì ti àpótí náà sábẹ́ tábìlì.

Orest ti sùn sí itẹ́ òkú báyìí. Lyle ṣì wà nínú ilé náà. Nígbà tí mo pa rédíò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ. Àwòrán yẹn ṣì wà lára fìríìjì, ó ti ṣá. Mo sọ ohun tí ọ̀mọ̀wé náà wí fún un. Lyle gbé tíì síwájú mi, ó wo àwòrán náà pẹ́.

"Kí ni wọ́n wá sọ nípa àlìkámà?" ló bi mí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.