Kẹ́mísírì Àbúrò Mi àti Àdìrẹ Alábẹ́là

Màmá mi kò pe kẹ́mísírì ní kẹ́mísírì rí. "Ìwé olóòórùn" ni ó ń pè é, nítorí pé lọ́jọ́ kan tí àbúrò mi obìnrin ti kíláàsì ìrọ̀lẹ́ dé, ńṣe ni aṣọ rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí ilé tó rùn tó tiwa ní gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lápá ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànràn, ni màmá ti ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là. Sódà wà níbẹ̀, àti ìyẹ̀fun funfun kan tí a ń dà sí aró kó lè ṣiṣẹ́, tí òórùn rẹ̀ ń ta síni nímú bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ó ti mọ́ àwọn ayálégbé lára. Àlejò nìkan ló máa ń sín.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. A ó yọ́ àbẹ́là lórí iná, a ó ti fóòmù tí a ti gé ní iṣẹ́ ọnà bọ̀ ọ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tẹ́rú funfun. Ibi tí àbẹ́là bá bò, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Bí a bá pa á láró tán, a ó fi omi híhó yọ àbẹ́là náà kúrò, iṣẹ́ ọnà á sì jáde ní funfun láàárín búlúù. Èmi ni mo máa ń dúró ti dúróòmù aró. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó yà sí ìdí rẹ̀, n kò sì bínú sí i.

Àbúrò mi ni orí rẹ̀ pé sí ìwé. Ó ti jáde sẹ́kọ́ńdírì, ó wá ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nítòsí CMS, kí ó lè ṣe ìdánwò tí yóò gbé e wọ yunifásítì. Màmá fẹ́ kí ó wá jókòó ti iṣẹ́, nítorí ẹ̀yìn ti ń dun òun. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Bí àbúrò mi bá ti dé nírọ̀lẹ́, òun ló máa ń fọ dúróòmù àti báàfù, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kọ́ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

"Bùrọ̀dá, kẹ́mísírì pọ̀," ó ní. "Òmíràn ń bèèrè pé, kí ni nǹkan yìí? Èyí tí à ń kọ́ báyìí, físíkà kẹ́mísírì, ohun tí tiẹ̀ ń bèèrè ni pé, kí ló dé tó fi yí padà, kí ló gbà á, báwo ló ṣe yá tó?"

"Kí ló yí padà?"

"Aró yín ńkọ́? Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde, ṣebí ó máa ń dà bí àwọ̀ ewé. Kí ló sọ ọ́ di búlúù?"

"Atẹ́gùn ni."

"Ẹ ti wọ kíláàsì nìyẹn, ẹ ò tiẹ̀ san owó ilé ìwé."

Ó ní ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ń wo ooru tí nǹkan ń gbà àti èyí tó ń tú jáde. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ara garawa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da sódà sí, ó ti gbóná láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń wo iná mànàmáná, ibẹ̀ ni bátìrì rédíò wa wà. Èyí tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ìdí tí aṣọ tí a gbàgbé sínú oòrùn fi máa ń ṣá. Òmíràn wà fún ojú ibi tí nǹkan méjì ti ń fara kanra, bí ọṣẹ ṣe ń bá epo jà ní àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ń wo inú àwọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn, òun fúnra rẹ̀ kò lóye rẹ̀ dáadáa. "Tíṣà wa pàápàá máa ń sáré kọjá níbẹ̀," ó ní, a sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ka ìyára ni mo fẹ́ràn jù, nítorí n kì í ní sùúrù. Ó ní ooru máa ń mú kí nǹkan tètè yí padà, òtútù sì máa ń fà á sẹ́yìn. Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ni. Ọyẹ́ mú gan-an lẹ́yìn ìgbà náà, Kérésì sì ti ń sún mọ́lé. Àlàájà tó ń bá wa ta aṣọ ní Ìdúmàgbò ti ní kí a ṣe ẹrù kan fún òun. Ní òwúrọ̀ yẹn, aró tutù bí omi kànga, aṣọ kò sì fẹ́ gbà á. Màmá ti jáde lọ ra àbẹ́là. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀: omi híhó la fi ń yọ àbẹ́là, èmi ò sì ní lo omi híhó, omi gbígbóná lásán ni. Mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó tó hó, mo dà á sínú dúróòmù.

Ó yá lóòótọ́! Inú mi dùn. Ìgbà tí mo máa fa aṣọ sókè, àbẹ́là ti léfòó sórí aró bí ọ̀rá orí ọbẹ̀ àná. Iṣẹ́ ọnà ti fọ́nká, bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí lẹ́tà.

Màmá dé, ó dúró, ó sì wo aṣọ náà títí. "Ta ló ní kí o da omi gbígbóná sí i?"

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu mi yá jù mí lọ. "Kẹ́mísírì ni," mo ní.

Màmá kò tún wo ojú mi mọ́. Àbúrò mi ló kọjú sí. "Ìwé olóòórùn ti dé orí ọjà mi báyìí. Ó tó. O ò lọ síbẹ̀ mọ́. Láti ọ̀la, wá jókòó tì mí."

Àbúrò mi lè sọ pé òun kò rán mi níṣẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn, Màmá. Ìdajì rẹ̀ ni mo sọ."

"Ìdajì tó kù ńkọ́?"

"A ò tíì dé ibẹ̀."

"Ẹ ò tíì dé ibẹ̀, aṣọ mi ti dé ibi tó ń lọ!"

Àlàájà wá lọ́sàn-án, ó na ọ̀kan sókè. "Ìyá aláró, ẹkún lẹ sun sórí èyí ni?" Ó ní kí a kúkú pa gbogbo rẹ̀ láró kó dúdú, òun á rí ẹni rà á, ṣùgbọ́n kí a ṣe òmíràn kí Kérésì tó dé. Ọyẹ́ kò sì tíì lọ.

Mo bẹ màmá, kò gbà. Àánú aṣọ kò ṣe mí tó ti ìwé tí àbúrò mi dì sínú báàgì, tó gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi kò jókòó ti màmá. Ó gbé sítóòfù síta, ó gé àkísà tí àbẹ́là wà lára rẹ̀, ó ń rì í sínú omi tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè mí kí n wá máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú òun. Bí omi bá gbóná débi tí ọwọ́ fi fẹ́ sá, àbẹ́là ti rọ̀. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ara gbà á, àbẹ́là le koko, síbẹ̀ aró tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ pò ń ṣiṣẹ́ ju ti òwúrọ̀ àná lọ.

Màmá sún mọ́ wa, ó ti ọwọ́ bọ inú omi. "N kò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọwọ́ tí sódà ti ń jẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, gbígbóná àti tútù, ọ̀kan náà ni."

Àbúrò mi mú ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá búbà rẹ̀ sókè. "Ẹ fi ìgúnpá wò ó, Màmá, bí ẹ ṣe ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ."

Ó fi ìgúnpá wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Báyìí náà ni mo ṣe máa ń wẹ ẹ̀yin méjèèjì," ó ní. "Ẹ̀ka wo ni wọ́n ń pe èyí?"

"Èyí tó ń sọ ìgbà tí nǹkan líle ń di omi, tí omi ń di oru. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀. Àbẹ́là kì í dúró de omi kó hó."

A pa aṣọ mìíràn láró lọ́jọ́ náà, màmá ń fi ìgúnpá wo omi, kò sì gbà kí ẹlòmíràn wò ó. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ jáde kedere. Nígbà tí oòrùn yí, ó wo àbúrò mi tó ti wọ ìbọ̀wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fọ báàfù.

"Kíláàsì yín, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ ní kí n má lọ mọ́."

"Mo mọ ohun tí mo ní. Dìde, o ti ń pẹ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ oníkẹ́mísírì, gba ìbọ̀wọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń fọ dúróòmù àti báàfù nírọ̀lẹ́, títí àbúrò mi fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán.