Agogo Aago Márùn-ún Ìdájí

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni Ìbídàpọ̀ Akínladé fi pẹ́. Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, àwọn mìíràn ní oorun ló gbé e lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì aago ara ògiri ló ń kú lọ, obìnrin náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó lù ní aago márùn-ún ìdájí, ó pẹ́ kó tó lù ú. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò pẹ́ rí.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni, oṣù kẹrin tí ìjọba ti bodè pa. Abúlé wọn kò jìnnà sí Ẹ̀gùá. Àwọn oníbàárà láti ìhà kejì bodè kò wá ra gaàrí mọ́, ilé epo ti kógbá sílé. Ó ti rẹ gbogbo ènìyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àbúrò rẹ̀ Ọdẹkúnlé, tó ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì fàyàwọ́ wọ̀lú, dé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìgbàlà o!"

"Ìgbàlà wo?"

"Agogo yín la fi ń gbéra nínú oko. Ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè wà ní oríta láàárọ̀ yìí. Ká ní ẹ lù ú lásìkò ni, à bá kó sí wọn lọ́wọ́. Kí ẹ tó lù ú, wọ́n ti lọ."

"Bátìrì ló kú."

"Ẹ jẹ́ kó máa kú nìṣó. Orí òkè lẹ wà, ẹ ń rí oríta. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó lù ú. Àbí sùúrù kì í ṣe èso Ẹ̀mí mọ́ ni?"

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti ṣubú, kì í ṣe ọjọ́ tí bátìrì kú. Ó ra bátìrì tuntun, ó fi sínú aago, síbẹ̀ ó tún pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Á dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, okùn agogo lọ́wọ́, á máa wo iná ọkọ̀ tó wà ní oríta títí yóò fi lọ. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lọ́wọ́ Ọdẹkúnlé, Ìbídàpọ̀ sì mọ̀.

Màmá Lábísí, ìyá àgbà kan nínú ìjọ, kò ríran mọ́. Agogo yẹn ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́, kó tó fi ọ̀pá tọ ọ̀nà wá sí àdúrà òwúrọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, nígbà tí Ìbídàpọ̀ lu agogo tán tó yí wá síwájú, ó bá ìyá náà lórí àtẹ̀gùn, ìrì ti mú kí gèlè rẹ̀ tutù.

"Màmá, ìgbà wo lẹ dé?"

"Ó ti pẹ́. Ara mi ló sọ fún mi pé aago márùn-ún ti lù. Mo jókòó, mo ń retí rẹ. Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá."

"Á rẹ̀ ọ́ o, ọmọ mi. Olúwa, fún ẹni tó ń jí wa lókun."

Ìbídàpọ̀ ṣe àmín. Irọ́ ló fi gba àdúrà. Gbogbo ọjọ́ náà ló ń rò ó pé Ẹni tó fi agogo lé òun lọ́wọ́ yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun, kò sì ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ọdẹkúnlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Láti ọ̀la, aago márùn-ún géérégé ni, ọkọ̀ ì báà wà ní oríta. Má fi agogo mi gbéra mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú mi ni?"

"Mo fẹ́ kó o jókòó sílé."

"Kí la ó wá máa jẹ? Agogo?"

Ìbídàpọ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó lu agogo lásìkò. Ọdẹkúnlé rò pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní lè lù ú bí ọkọ̀ bá wà ní oríta, bó ti gbọ́ agogo ló gbéra. Wọ́n gba ọ̀kadà àti ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, òun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ igbó.

Lẹ́yìn ìwàásù, Ìbídàpọ̀ dìde láàárín ìjọ, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́. Àwọn kan rò pé ìjọ ló yọ ọ́ nípò. Rárá, àwọn alàgbà ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Òun ló ní ẹni tí yóò máa jí àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ̀, òun sì fẹ́ jókòó kọ́ ọ. Ó fi okùn náà lé Olúgbénga, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, lọ́wọ́.

Ọdẹkúnlé kò dá a lóhùn mọ́. Láràárọ̀ ni Ìbídàpọ̀ ń kí i kọjá ní iwájú ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ìgbà tí a gbúròó Ìbídàpọ̀ kẹ́yìn, nínú oṣù Kejì ọdún 2021, Ayétòrò ló wà, lọ́dọ̀ Ọdúnayọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń ta gaàrí.