Afọṣọ Kẹta àti Ajá Dókítà

Omi gbígbóná ló pa ìyá bàbá mi. Nílé ìwòsàn ló ti ṣẹlẹ̀, nínú yàrá ìfọṣọ tí wọ́n ti ń se aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn nínú dúrọ́ọ̀mù ńlá. Irin àdògán tó gbé dúrọ́ọ̀mù náà ti dípẹtà tipẹ́. Àwọn afọṣọ sọ fún àwọn ọ̀gá, àwọn ọ̀gá ní àwọn ti gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dà lé e lórí. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ẹ̀yìn yàrá ìfọṣọ náà ni wọ́n sin ín sí.

Bàbá mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti darúgbó báyìí, nìkan ló kù tó mọ ojú ìyá wọn. Ó ní tí òtútù bá mú, Màámi á gbé òun sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, á ní kóun sùn, ṣùgbọ́n kóun má da itọ́ sáṣọ aláìsàn. Ó ní àgbọ̀n ló fi ń di etí aṣọ mú tó bá ń ká a, kì í dúró de ẹni tó máa bá a mú un. Ó sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí mo ní nípa rẹ̀ nìyẹn. Kò sí fọ́tò.

Lọ́dún yìí, ilé ìwòsàn kéde pé àwọn fẹ́ sọ itẹ́ òkú ẹ̀yìn ilé di ibi tí wọn ó máa páàkì mọ́tò sí. Kí ẹni tó bá lókùú níbẹ̀ wá, àwọn á gbé e lọ síbòmíràn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò fẹ́ kú kó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ táyà. Èmi ló rán.

Yàrá tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ sí ń jò, eku sì ti jẹ èyí tó wù ú. Mo rí àwọn dókítà, orúkọ wọn àti ti bàbá wọn. Mo rí aṣọ ibùsùn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tó kan àwọn tó ń fọ̀ ọ́, wọ́n kọ Afọṣọ Kìíní, Afọṣọ Kejì, Afọṣọ Kẹta. Lẹ́yìn náà, lọ́dún tí omi dà lé ìyá bàbá mi lórí: "Afọṣọ Kẹta kú. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibojì ìkẹrin." Nígbà tó máa fi di ìlà kejì, Afọṣọ Kẹta tún ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ènìyàn ló kú ni, àbí dúrọ́ọ̀mù?

Ọ̀gá tó ń bójú tó itẹ́ náà wo ìwé, ó ní òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ nawọ́ sí ibojì náà látojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àwọn kì í gbé òkú tí kò lórúkọ. Mo mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá, ọ̀gá sì bi í lórúkọ ìyá rẹ̀.

"Màámi ni mo máa ń pè wọ́n," ló wí. "Ọmọ wo ló ń pe ìyá ẹ̀ lórúkọ? Àwọn tó kù, Ìyá Fọṣọ ni wọ́n ń pè wọ́n."

"Màmá, ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Ẹ lọ béèrè nílé."

Ilé wo? Ọkọ ń pè é ní ìyá ọmọ mi, àdúgbò ń fi orúkọ ọmọ pè é. Gbogbo wọn ló bọ̀wọ̀ fún un débi pé kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló yẹ kó béèrè, kò béèrè. Òun ló wá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ òrukàn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tó lórúkọ fún yín. Ajá dókítà tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ wà nínú itẹ́ kan náà. Ó ní òkúta, orúkọ rẹ̀ sì hàn ketekete lára rẹ̀. Wọ́n hú u tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi níwájú ilé, ọ̀gá àgbà sì dúró ti òkúta náà ya fọ́tò. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n kéde nìyẹn, ajá ló jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, katakata dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀. Nígbà tí irin wọ ibojì ìkẹrin, ó pe Màámi lẹ́ẹ̀kan. Tíípà gbé iyẹ̀pẹ̀ náà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí wa. Awakọ̀ tíípà mọ ibi tó dà á sí, ọ̀gá àgbà tó fọwọ́ sí i náà mọ̀ ọ́n. Tó bá ní òun ò mọ̀, kó sọ ọ́ níwájú adájọ́. Tó bá mọ̀ ọ́n, kó mú wa débẹ̀, kó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kó mú asẹ́, kó máa jọ iyẹ̀pẹ̀ náà fúnra rẹ̀ níṣojú ọmọ òkú, títí egungun ìyá bàbá mi yóò fi pé.